Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ kì í ṣe ti jẹ̀díjẹ̀dí nìkan

Bí ẹnìkan bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ l'Ádó-Èkìtì, wọ́n á ní ó ti lá ṣúgà jù, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Alágbo á bu ife kan fún un, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé àìsàn mìíràn wà tó ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn: kí ìfun máa wú, kó máa gbóná, kó má sì jinná bọ̀rọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù: Crohn's, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ihò ìdí, àti ulcerative colitis, tó jẹ́ pé ìfun ńlá ló ń bá jà. Ṣúgà kọ́ ló ń dá wọn sílẹ̀, ata ọbẹ̀ iyán náà kọ́.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ìfun, ayálégbé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń san owó ilé pẹ̀lú: wọ́n ń bá wa da oúnjẹ tí àwa fúnra wa kò lè dà. Ikun tó ń yọ̀ ni ògiri tó wà láàrin wọn àti ẹran ìfun. Lẹ́yìn ògiri yìí ni àwọn ọmọ ogun ara ń ṣọ́ bí ọdẹ àdúgbò. Ọdẹ tó mọṣẹ́ mọ ojú ayálégbé. Olè nìkan ló ń fun fèrè lé lórí, tó bá sì lé e lọ tán, á padà sórí àga rẹ̀. Ẹni tí a ó fi sílẹ̀ ṣòro láti mọ̀ ju ẹni tí a ó bá jà lọ, síbẹ̀ ara tó le ń ṣe é tọ̀sán-tòru. Nínú àìsàn yìí, ògiri á jò, ọdẹ á kọjú ìbọn sí ayálégbé, kò sì ní gbọ́ pé ìjà ti parí. Ilé tó ń ṣọ́ gan-an ni ọta ń bà: egbò, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru.

Àjogúnbá wà lára ohun tó ń ṣi ọdẹ lọ́nà. Lọ́dún 2001 ni wọ́n rí àbùdá NOD2, tó ń bá ara dá kòkòrò mọ̀, pé àléébù inú rẹ̀ so mọ́ Crohn's, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àléébù náà ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n nínú ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, Crohn's lè mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀, nítorí náà ìdílé nìkan kọ́. Sìgá ń dá kún ewu Crohn's. Oògùn apakòkòrò tí ọmọdé ń lò léraléra náà wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí, torí ó ń lé ayálégbé rere jáde.

Láàrin ọmọ ọdún 15 sí 35 ni àìsàn ìfun yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í jí ènìyàn lóru láti lọ yàgbẹ́, kì í sì í mú un rù. Ẹni tó bá rí ìyẹn mọ́ ẹ̀jẹ̀, okùn oníkámẹ́rà ni dókítà á fi wo ìfun rẹ̀, á sì gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.