Ìrìn ẹsẹ̀ láìgba amọ̀nà ní ìlú Salvador, Bahia

Ìrìn ẹsẹ̀ láìgba amọ̀nà ní Salvador jẹ́ ìrìn ìgbafẹ́ tí àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi ńlá máa ń rìn fúnra wọn ní àárín ìlú àtijọ́ Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, láàárín wákàtí díẹ̀ tí ọkọ̀ wọn bá fi gúnlẹ̀. Wọn kì í bá bọ́ọ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣètò lọ. Máàpù tàbí fóònù ọwọ́ wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń tọ̀ tó kìlómítà 3 sí 4 ní àlọ àti àbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èbúté ní àdúgbò Comércio, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mercado Modelo, ó gba lífítì Elevador Lacerda gòkè, ó wá la Praça da Sé àti Terreiro de Jesus kọjá títí dé Largo do Pelourinho.

Àwọn Potogí, lábẹ́ Tomé de Sousa, ló tẹ Salvador dó ní 1549, òun sì ni olú ìlú Bràsíl títí di 1763. UNESCO fi àárín ìlú àtijọ́ náà kún Ogún Àgbáyé ní 1985. Iye àwọn ọmọ Áfíríkà tí òwò ẹrú kó gúnlẹ̀ sí Bahia lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ogun ń tú Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá ló wá pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń kó dé. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìwé atọ́nà púpọ̀ ń ka ọ̀nà ìrìn yìí sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti wúrà, ṣùgbọ́n ìtàn Nàgó wà lórí rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè dé ìparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí àkọlé ti ń sọ ọ́ kò pọ̀.

Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀

Ìpele méjì ni Salvador. Cidade Baixa, Ìlú Ìsàlẹ̀, wà létí òkun pẹ̀lú èbúté, báńkì àti ilé ìkẹ́rùsí. Cidade Alta, Ìlú Òkè, wà lórí bèbè òkè tó ga tó nǹkan bíi 70 mítà. Elevador Lacerda ló so méjèèjì pọ̀. Antônio de Lacerda ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 8 Oṣù Kejìlá 1873. Agbára omi ló kọ́kọ́ ń gbé e, iná mànàmáná gbà á ní 1906, àtúnṣe 1930 ló sì fún un ní ìrísí tó ní lónìí. Ó ga ní 72 mítà, ìgòkè rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Bí èrò bá pọ̀ níbẹ̀, Plano Inclinado Gonçalves, ọkọ̀ orí irin tí okùn ń fà gòkè, máa ń gbé ènìyàn láti Comércio lọ sí ẹ̀yìn kàtídírà.

Kí lífítì tó dé, orí àti èjìká ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù fi ń gun òkè yìí. Àwọn alábàárù tí wọ́n ń pè ní ganhadores ló ń ru páálí, àgbá ọtí, ohun èlò ilé, àní àwọn ọlọ́lá pàápàá nínú àga tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá. Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ti gba òmìnira; àwọn tó kù jẹ́ ẹrú tó ń wá iṣẹ́ ṣe láàárín ìgboro, tí wọ́n ń mú iye kan lọ fún olówó wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń fi èyí tó kù jẹun, tàbí kí wọ́n kó o jọ láti fi ra ara wọn padà. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní canto, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìkóríta tirẹ̀ àti olórí tirẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 1857, ìjọba ìlú pàṣẹ pé kí alábàárù kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, kí ó san owó, kí ó sì máa gbé àwo irin tó ní nọ́ńbà kọ́rùn. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹrù ò kúrò ní èbúté, òwò Ìlú Ìsàlẹ̀ sì dá gúlẹ́. Òpìtàn João José Reis ló ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lórí ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà. Gbogbo Ìlú Ìsàlẹ̀ tí àwọn èrò ọkọ̀ ń yára là kọjá láti dé ìdí lífítì ni ibi tí àwọn canto wọ̀nyí ń jókòó sí.

Mercado Modelo

Ilé aṣọ́bodè ni ilé ọjà yìí tẹ́lẹ̀; 1861 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọjà kó wọ inú rẹ̀ ní 1971, iná jó o ní 1984, wọ́n sì tún un kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́, aṣọ léèsì, ìlù àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé náà ní àwọn òpó tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun, omi òkun sì máa ń wọ ibẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń há ẹrú mọ́ kí wọ́n tó tà wọ́n. Ó yẹ kí a gba ìtàn yìí pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọ Bràsíl ti jáde ní 1850, ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí ilé náà tó parí. Òwò ẹrú gba èbúté yìí kọjá, èyí dájú. Pé inú ìyàrá yìí gan-an ni wọ́n há wọn mọ́ ni kò ní ẹ̀rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia wà nítòsí ọjà náà. Pọ́túgàl ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá.

Praça Tomé de Souza àti ìṣọ̀tẹ̀ Malê

Bí ènìyàn bá jáde nínú lífítì lókè, gbàgede tó kọjú sí òkun ló máa bá. Ojú omi àti odi roboto Forte de São Marcelo ni gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú, Câmara Municipal, ni wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí. Ẹ̀wọ̀n wà nísàlẹ̀ ilé yẹn nígbà kan rí, ibẹ̀ sì ni Pacífico Licutan, àgbà Mùsùlùmí Nàgó, wà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1835. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni: gbèsè tí olówó rẹ̀ jẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù.

Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, ti gbèrò láti dìde ní àárọ̀ 25 Oṣù Kìíní, ní ìparí ààwẹ̀ Ramadan. Àṣírí tú. Ní òru 24 mọ́jú 25, àwọn ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ladeira da Praça, ọ̀nà dàgẹ̀rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìgbìmọ̀. Àwọn tó wà nínú ilé tú jáde pẹ̀lú idà kí àsìkò tó tó. Ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kọlù kí wọ́n lè tú Licutan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ká wọn mọ́ láti inú àti láti ìta. Wọ́n jà káàkiri Ìlú Òkè, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Água de Meninos létí òkun, níbi tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti ṣẹ́gun wọn. Reis ṣírò àwọn tó jà sí nǹkan bíi 600. Àwọn tó kú lé ní 70. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní pàṣán, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ tó ti gba òmìnira wọkọ̀ fúnra wọn padà sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn kan di Àgùdà ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Pọ́tò-Nófò àti ní Ouidah. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà ní Èkó dáadáa yóò rí ojú fèrèsé àti ara ògiri tí kò ṣàjèjì sí i ní àwọn òpópónà tó wà níwájú.

Ladeira da Praça kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ìdí lífítì, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n nínú ìwé atọ́nà àwọn èrò ọkọ̀.

Praça da Sé àti Terreiro de Jesus

Wọ́n wó kàtídírà àtijọ́ ní 1933 kí ọkọ̀ tíráàmù lè ráyè kọjá. Ère Cruz Caída ti Mário Cravo ń rántí rẹ̀. Kàtídírà tòní, tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Jésúìtì ní ọ̀rúndún 17, wà ní Terreiro de Jesus. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, tí ewé wúrà bo inú rẹ̀, wà ní iwájú díẹ̀. Òrùlé inú rẹ̀ já lulẹ̀ ní 5 Oṣù Kejì 2025. Àlejò kan kú, àwọn mìíràn farapa, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ṣì ń pè é ní ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ má dé, nítorí náà kí àlejò kọ́kọ́ béèrè bí nǹkan ṣe rí.

Ilé kan ní gbàgede yìí kan náà tó fún wákàtí kan. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Bahia, àkọ́kọ́ ní Bràsíl, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museu Afro-Brasileiro ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Bahia wà láti 1982. Pátákó igi kédárì 27 tí Carybé, oníṣẹ́ ọnà, gbẹ́ wà nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀, òrìṣà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pátákó wọ̀nyí ga ju ènìyàn lọ. Ó fi idẹ, bàbà, fàdákà, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú igi níbi tí irinṣẹ́ òrìṣà bá wà: ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, irin Ògún. Ẹranko tó jẹ́ ti òrìṣà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Argentina ni wọ́n ti bí Carybé, ṣùgbọ́n ó joyè nílé òrìṣà Opô Afonjá, àgbàlá ilé náà ló sì wà nígbà tí ọlọ́jọ́ dé ní 1997. Òǹkọ̀wé ìwé atọ́nà púpọ̀ máa ń fún gbọ̀ngàn yìí ní ìlà kan péré, èyí tó kéré jù.

Pelourinho

Òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà ní gbangba ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede dàgẹ̀rẹ́ yìí. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù Nossa Senhora do Rosário dos Pretos wà. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti olómìnira, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1685, ló kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1704, iṣẹ́ náà sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rúndún náà, nítorí ìgbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ ni wọ́n ń ráyè kọ́ ọ. Ìtẹ́ òkú àwọn ẹrú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlù àti agogo ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn máàsì níbẹ̀. Ní 4 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ Santa Bárbara, ẹni mímọ́ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún pọ̀ pẹ̀lú Ọya, aṣọ pupa àti funfun máa ń kún gbàgede náà bámúbámú.

Ilé ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy wà ní àdúgbò yìí. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté ló dá a sílẹ̀ ní 1949. Ìlù ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń lù, wọ́n sì máa ń rúbọ sí Èṣù kí wọ́n tó jáde ní ọdún Carnival. Casa do Benin, nísàlẹ̀ òkè náà, ṣí ní 1988. Lina Bo Bardi ló ya àwòrán àtúnṣe ilé náà, ohun tí Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé, kó jọ ní Bẹ̀nẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Verger yìí ni Fátúmbí, tó di babaláwo ní Kétu ní 1953.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti kun àwọn ilé Pelourinho, tó sì sọ wọ́n di ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí kò rí já jẹ, ni wọ́n fún lówó díẹ̀ kí wọ́n kó jáde. Ẹwà tí àlejò ń rí lónìí kò ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìkólọ yẹn.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà

Àwọn baiana, obìnrin aláṣọ funfun tó wé gèlè, ni wọ́n ń din àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ní ìkóríta. Ìjọba Bràsíl forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Epo pupa gbígbóná ni wọ́n fi ń dín in. Tó bá jáde, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé àti epo pupa sè), ilá caruru àti edé gbígbẹ há a. Bí baiana bá béèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá ó fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ọ̀rọ̀ ata ló ń bi í.

Ìmọ̀ràn fún ìrìn náà

Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹrin ni ọkọ̀ pọ̀ jù. Òkúta tí wọ́n tò sójú ọ̀nà máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ló dára. Àwọn ará ìlú sábà máa ń gba àlejò níyànjú pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ gun Ladeira da Montanha, kí wọ́n wọ lífítì. Comércio náà máa ń dá páropáro ní ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń tì ní ọjọ́ Ajé.

Àwọn ilé òrìṣà ńlá kò sí lórí ọ̀nà yìí. Casa Branca, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Barroquinha nítòsí Praça Castro Alves kí ó tó kó lọ sí ibi tó wà lónìí ní Avenida Vasco da Gama, nílò takisí. Ilé ìsìn ni: ènìyàn gbọdọ̀ béèrè ààyè kí ó tó wọlé, wọn kì í sì í gbà kí ènìyàn ya fọ́tò ní àsìkò ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim náà jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọdún Bonfim ní Oṣù Kìíní, iwájú Conceição da Praia, nídìí lífítì, ni àwọn baiana ti máa ń gbéra pẹ̀lú ìkòkò omi olóòórùn dídùn lórí, tí wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 8 lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà.