Insist: ìtumọ̀ àti ìlò rẹ̀

Insist jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún ẹni tí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí lórí ohun tí ó fẹ́, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ òun kúrò níbẹ̀. Ara insistere ti èdè Látìn, tí í ṣe "dúró lé", ni wọ́n ti fà á yọ, ó sì wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún 16. Ọmọ ìyá ni òun àti persist, resist àti consist.

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń ṣòro. Ó lè jẹ́ pé ènìyàn ń tẹnu mọ́ ọn pé báyìí ni nǹkan rí, nígbà tí àwọn mìíràn ń jiyàn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń fi dandan lé e pé kí wọ́n ṣe nǹkan. She insists that he lives in Kabba ni a ó sọ bí obìnrin kan bá ń jiyàn pé Kàbbà ni ọkùnrin náà ń gbé. Bí a bá yọ s kúrò lára lives, ó di pé obìnrin náà ní àfi kí ọkùnrin náà máa gbé Kàbbà. Lẹ́tà kan péré! Àwọn ará Ìlú Ọba sábà máa ń fi should sí i kí ó lè yéni. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí àwọn ọmọ Òkun ń kọ ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, "kí" ni ó ń fi àṣẹ hàn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Bí àlejò bá dìde láì fọwọ́ kan iyán, tí onílé sì ní, "Rárá o, àfi kí ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ," I insist ni Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí sì ni. "Takú" àti "fàáké kọ́rí" kò bá ibẹ̀ mu, nítorí oríkunkun ni wọ́n ń tọ́ka sí. Nítorí pé Yorùbá ń sọ pé "ó rọ̀ mí kí n jẹun", àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa kọ He insisted me to eat. Àṣìṣe ni, nítorí insist kì í gba ènìyàn ní àbọ̀. He insisted that I eat tàbí He insisted on my eating ni ó tọ̀nà.

Insistence ni ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀. Insistent, tí í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe, kò mọ sọ́dọ̀ ènìyàn nìkan: a lè lò ó fún ìró fóònù tí ń dún ṣáá títí a ó fi gbé e.