Ìgbà wo ló yẹ ká lo loopback lórí firewall?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n ṣe loopback sórí firewall ọ́fíìsì wa, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ṣé 127.0.0.1 nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. 127.0.0.1 ni kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í jáde sórí wáyà. Loopback tí wọ́n ń sọ fún yín jẹ́ interface (ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) tí kò ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ẹ ó fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹyọ kan, bíi 10.255.0.1/32 (/32 ló sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni). Bí firewall bá ṣì wà lórí iná, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ pa loopback náà, kì í kú.

Ìbéèrè: Kí wá ni ìwúlò ohun tí kò ní wáyà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ní port1 àti port2 ló so firewall mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, àdírẹ́ẹ̀sì port1 lẹ sì fi ń wọlé tún un ṣe. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fa wáyà port1 yọ. Firewall ń báṣẹ́ lọ lórí port2, àmọ́ ẹ kò rí i mọ́, torí àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ mọ̀ ti bá wáyà lọ. Mo ti wakọ̀ lóru rí nítorí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo iná ara ẹ̀rọ náà ló ń ṣẹ́jú, kò sóhun tó ṣe é. Ká ní loopback ni mo fi ń wọlé ni, OSPF, ètò tó ń wá ọ̀nà láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ì bá ti gba port2 mú mi débẹ̀. Ìdí kan náà ló mú ká máa fi loopback so iBGP (ètò tí àwọn ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn), ká sì máa fi í rán log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ), kí sáfà tó ń gbà á má bàa rò pé ẹ̀rọ tuntun ló dé.

Ìbéèrè: VPN, ọ̀nà àdáni tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé láti ìta, ńkọ́?

Ìdáhùn: Lórí FortiGate, firewall ilé-iṣẹ́ Fortinet, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn loopback jù. Bí VPN bá jókòó sórí port íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, àwọn tó ń kanlẹ̀kùn kì í gba inú policy (òfin ẹni tó lè kọjá) tẹ́ ẹ kọ kọjá. Ẹ gbé e sórí loopback, wọ́n ní láti gba ibẹ̀. Ẹ lè wá dí àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ kò ní òṣìṣẹ́ kankan sí.

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì là ń lò. Bí ọ̀kan bá já, ṣé VPN wa ò ní já?

Ìdáhùn: Á já, bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó já ló fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì náà. Loopback á wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sọ́nà tó lọ síbẹ̀ láti ìta. Àfi kí ẹ ní àdírẹ́ẹ̀sì tiyín láti ọ̀dọ̀ AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Áfíríkà, ó kéré tán /24 (àdírẹ́ẹ̀sì 256), kí ẹ sì fi BGP, ètò tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, kéde rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Bí kò bá sí èyí, túnẹ́ẹ̀lì VPN méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.