Àwòrán méjì di ọ̀kan nínú fèrèsé, síbẹ̀ fọ́tò jáde ní bàìbàì

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ń padà sí kámẹ́rà onífíìmù ní Èkó, pàápàá àwọn tó ń ra rangefinder tòkunbọ̀, ìyẹn kámẹ́rà tí fèrèsé tí wọ́n ń gbà wo nǹkan dá yàtọ̀ sí lẹ́ńsì, tí òjìji àwòrán kan sì máa ń hàn láàárín fèrèsé náà. Wọ́n ní tí òjìji àárín fèrèsé bá ti bọ́ sórí ojúlówó àwòrán, tí méjèèjì di ọ̀kan, fókọ́ọ̀sì ti pé nìyẹn. Tí fọ́tò bá wá jáde ní bàìbàì, wọ́n á ní ọwọ́ ló gbọ̀n, tàbí pé lẹ́ńsì ti bàjẹ́. Mo ti rí lẹ́ńsì gidi tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀ nítorí èyí, ó sì ń dùn mí.

Fèrèsé yẹn kì í gba inú lẹ́ńsì wo nǹkan rárá. Nínú kámẹ́rà SLR, ohun tí lẹ́ńsì rí ni ẹ̀yin náà ń rí. Ti rangefinder yàtọ̀. Fèrèsé méjì ló wà lókè rẹ̀, tí wọ́n jìnnà síra díẹ̀; lára Leica M3 tó jáde ní 1954, àlàfo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Kámẹ́rà ń fi ìyàtọ̀ ojú ìwòye àwọn méjèèjì mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ohun kan ṣoṣo tó so ìwọ̀n yìí mọ́ lẹ́ńsì ni apá irin kékeré kan tó ní róòlù lórí, tó fara ti ẹ̀yìn lẹ́ńsì. Ẹ rò ó bíi télọ̀ méjì: ọ̀kan fi tẹ́èpù tirẹ̀ wọn èèyàn, èkejì fi tẹ́èpù mìíràn gé aṣọ. Bí tẹ́èpù méjèèjì ò bá dọ́gba, aṣọ ò ní bá ẹni tó ni ín mu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn ò purọ́.

Ìyàtọ̀ tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ kò sì tóbi. Lórí Leica M, láti ibi tí lẹ́ńsì jókòó sí dé orí fíìmù jẹ́ mílímítà 27.80. Kámẹ́rà tó ti ṣubú rí, tàbí lẹ́ńsì tí wọ́n tú tí wọn ò dá òrùka tín-ín-rín inú rẹ̀ padà, lè ti kúrò lórí ìwọ̀n yẹn.

Oòrùn Èkó ló ń bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán gangan ní Ìdúmọ̀tà, f/8 tàbí f/11 ni ẹ máa lò (f ni ìwọ̀n bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń ṣí tó). Tí lẹ́ńsì 50 mm bá ń wo ohun tó wà ní mítà 1, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ló máa mọ́ ní f/8. Ní f/2, kò tó 5. Àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 6 sá pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Ó di alẹ́, ẹ wọ gbọ̀ngàn òde ìgbéyàwó, ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/2: ojú ìyàwó ṣe bàìbàì, gèlè ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ kedere.

Àwọn kan á gbé lẹ́ńsì náà sórí kámẹ́rà dígítà tí kì í ṣe rangefinder, wọ́n á wò ó lójú síkíríìnì, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Gíláàsì nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò. Róòlù ò sí níbẹ̀.

Ibi tí fíìmù ń sùn sí ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ fíìmù, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ gé gíláàsì tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ kó lè jókòó sórí irin méjì tó wà nínú, nítorí àwọn yẹn ló ń gbé fíìmù. Irin méjì ti ìta kì í ṣe tirẹ̀. Ojú tí wọ́n ha ni kó kọjú sí lẹ́ńsì. Ẹ fi kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá, kó kọjú síta, ẹ lo B (ibi tí kámẹ́rà ti máa ń ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀), ẹ sì ṣí lẹ́ńsì pátápátá. Ẹ to agolo mílíìkì mẹ́ta sínú oòrùn níta, kí ọ̀kan máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 wà lẹ́yìn èkejì, kí ti àárín wà ní mítà 1. Ẹ fi fèrèsé mú ti àárín, kí ẹ wá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo gíláàsì. Èwo ló mọ́ jù? Ẹ dá lẹ́ńsì padà sí ∞ (àmì ọ̀nà tó jìn jù lọ), ẹ tún un ṣe léraléra, torí ojú èèyàn náà ń ṣì í.

Ẹ ṣe é ní mítà 3, kí ẹ sì wo ọ̀nà jíjìn, bíi òpó orí NECOM House láti apá Ìddó. Ọ̀nà jíjìn nìkan ò tó ẹ̀rí. Lẹ́ńsì Jupiter ti Soviet, tí wọ́n fi àpẹẹrẹ Sonnar ti Jámánì ṣe, lè péye lókèèrè lórí Leica kó sì yẹ̀ nítòsí. Sonnar fúnra rẹ̀ tún máa ń ti fókọ́ọ̀sì sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń pa ojú rẹ̀ dé, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní f tí ẹ sábà máa ń lò.

Bí gbogbo lẹ́ńsì yín bá yẹ̀ sí apá kan náà, kámẹ́rà ló fẹ́ àtúnṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, lẹ́ńsì yẹn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ṣúrúù kámẹ́rà nítorí rẹ̀, torí àwọn yòókù á yẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé fún alátùn-ún-ṣe: ìwọ̀n jíjìnnà, f tí ẹ lò, iye sẹ̀ǹtímítà tó fi yẹ̀, bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn.