Bí a ṣe ń dá máníjà tó mọṣẹ́ mọ̀ nínú họ́kì orí yìnyín

Tí ẹgbẹ́ họ́kì bá borí, wọ́n á ní máníjà, ìyẹn ẹni tó ń ra eléré tó sì ń tà wọ́n, gbọ́n. Tó bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ìdájọ́ yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ wo Colorado Avalanche, ẹgbẹ́ họ́kì kan ní Amẹ́ríkà. Ní sáà 2013-14, wọ́n kó pọ́ìǹtì 112, Patrick Roy sì gba àmì-ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ń bá ṣeré ló ń gbá puck (ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù) lọ sójú ilé jù wọ́n lọ. Kí ló wá ń gbé wọn borí?

Ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ PDO. Nínú 100 puck tí ẹgbẹ́ kan gbá lọ sójú ilé, mélòó ló wọlé? Nínú 100 tí wọ́n gbá wá sójú ilé tiwọn, mélòó ni aṣọ́lé mú? Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Puck tí aṣọ́lé ò bá mú ló ń wọlé, nítorí náà, tí a bá kó gbogbo líìgì pọ̀, 100 géérégé ni. Ẹgbẹ́ tó bá ga ju 100 dáadáa, oríire ló sábà máa ń jẹ́, kì í sì í sábà pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún náà, Varlamov, aṣọ́lé Colorado, ń mú nǹkan bíi 93 nínú 100. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, pọ́ìǹtì já sí 90, wọn ò sì bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń du ife.

Òjò tó rọ̀ déédéé lè mú kí ọ̀lẹ àgbẹ̀ kórè iṣu ńláńlá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́, kó lọ wo ebè rẹ̀: ṣé ó ga, ṣé èbù tó gbìn yè kooro, ṣé ó fewé bo orí ẹ̀ kí oòrùn má baà jó o, ṣé ó fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi de ọdún tó ń bọ̀. Ebè máníjà ni iye tó ra eléré, iye ọdún tó bá a ṣàdéhùn, àti àyè tó fi pamọ́ láti yan àwọn ọ̀dọ́, torí lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń tò yan àwọn ọ̀dọ́ eléré tuntun. Láti 2005 ni líìgì ti fi gbèdéke sí àpapọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà owó tó bá sọnù sọ́wọ́ ẹnìkan, ẹlòmíì ló ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní 2016-17, Colorado gbẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú pọ́ìǹtì 48. Kèké tí wọ́n ṣẹ́ fún yíyan ọ̀dọ́ tún tì wọ́n sẹ́yìn sí ipò kẹrin, Cale Makar, tó wá di ìràwọ̀ eléré, ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Oríire wà nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Matt Duchene, eléré Colorado, kì í ṣe oríire. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé yóò lọ, wọ́n sì ń bú máníjà, Joe Sakic, pé ó ń fi falẹ̀. Kò tà á ní ọ̀pọ̀. Ó dúró di November 2017, ó fi Ottawa àti Nashville pọ̀ mọ́ òwò kan náà, ó sì gba Samuel Girard, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn àti àyè láti yan sí i. Ọ̀kan nínú àyè wọ̀nyẹn ni wọ́n fi yan Bowen Byram ní 2019.

Colorado gba Ife Stanley, ife líìgì náà, ní 2022, Byram wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ife ò tiẹ̀ wá, òwò November yẹn dára lọ́jọ́ tó ṣe é, ọjọ́ náà ló sì yẹ kí wọ́n ti kan sáárá sí Sakic.