Bí Òkúta Ìrántí Rẹ́jímẹ́ǹtì Ṣe Ń Rí Àyè Dúró ní Gettysburg

Gettysburg jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ní pápá ogun tó yí i ká, òkúta ìrántí àti àmì ogun tó wà níbẹ̀ lé ní 1,300. Àwọn kan ga bí ilé, àwọn kan ò ju orúnkún ènìyàn lọ. Lójú àlejò, ó lè dà bíi pé ẹni tó bá ti lówó ló wá ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tó wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ló gbé wọn síbi tí wọ́n wà, àwọn kan sì tìtorí àyè dé ilé ẹjọ́.

Ìjà tí wọ́n jà níbẹ̀ wáyé láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù, ti wọ ọdún kẹta. Tí a bá pa àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí ọ̀tá mú àti àwọn tí a ò rí mọ́ ní ìhà méjèèjì pọ̀, wọ́n tó bí 51,000. Lórí ìwé, ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló yẹ kó wà nínú rẹ́jímẹ́ǹtì ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan, ní ìsọ̀rí mẹ́wàá. Àmọ́ kí wọ́n tó dé Gettysburg, àìsàn àti ìjà ti dín ọ̀pọ̀ wọn kù sí 300 tàbí 400. Ìlú kan náà tàbí àgbègbè kan náà ni wọ́n ti sábà máa ń kó wọn jọ, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á jọ wà lábẹ́ àsíá kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó yè fi fẹ́ kí rẹ́jímẹ́ǹtì wọn ní òkúta tirẹ̀, kì í ṣe ère ọ̀gágun lórí ẹṣin nìkan.

Kí òkúta tó dúró, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kété lẹ́yìn ìjà náà ni David McConaughy, agbẹjọ́rò kan ní ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ibi tí ìjà ti le jù. Ní 1864, ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi òfin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ilẹ̀ yìí. Ní 1879, àwọn ọmọ rẹ́jímẹ́ǹtì 2 Massachusetts gbé òkúta tiwọn kalẹ̀ sẹ́bàá pápá koríko tí wọ́n ti kú lọ bẹẹrẹ. Òun ni rẹ́jímẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tó ní òkúta ìrántí lójú ogun fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn ìpínlẹ̀ náà dá sí i: ní 1887, Pennsylvania ya 1,500 dọ́là sọ́tọ̀ fún rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí owó ti dé, tí gbogbo ènìyàn sì ń fẹ́ ibi tó gbayì jù, ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ rí i pé àfi kí òun ṣòfin.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ibi tí rẹ́jímẹ́ǹtì ti tò fún ìjà ni òkúta rẹ̀ yóò dúró, kì í ṣe ibi tó sáré dé. Yàtọ̀ sí òkúta ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ ri òkúta kékeré méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní ìparí ọwọ́ ọ̀tún ìlà náà, ọ̀kan ní ìparí ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kékeré wọ̀nyí kọjá láìwo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló sọ ohun tó pọ̀ jù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Ìlà méjì ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ máa ń tò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, èjìká kan èjìká, ọkùnrin kan sì máa ń gba bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Rẹ́jímẹ́ǹtì oní-300, tó bá tò sí méjì, 150 ni yóò wà níwájú, ìlà wọn yóò sì gùn tó bí 300 ẹsẹ̀ bàtà. Tí ènìyàn bá rìn láti òkúta kékeré kan dé èkejì, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ibi tí wọ́n dúró sí.

Akọ òkúta tàbí idẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Iye àwọn tó jà, tó kú, tó gbọgbẹ́ àti tí wọ́n sọnù ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kọ gbọ́dọ̀ bá ìwé ìjọba mu. John B. Bachelder ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ayàwòrán ni, ìjà náà kò tíì pẹ́ tó parí tó fi dé Gettysburg, ó sì lò ju oṣù méjì lọ níbẹ̀, ó ń ya ilẹ̀, ó ń bi àwọn tó fara gbọgbẹ́ léèrè ohun tí ojú wọn rí. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn ológun ìhà méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bachelder kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nìkan rojọ́ fún òun.

Àmì tún wà lára òkúta tí a fi ń mọ ìpín ogun, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá tó kó ọ̀pọ̀ rẹ́jímẹ́ǹtì pọ̀, tí rẹ́jímẹ́ǹtì wà: ewé aláwẹ́ mẹ́ta fún Ìpín Kejì, àgbélébùú fún Ìkarùn-ún àti Ìkẹfà, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fún Ìkọkànlá, ìràwọ̀ fún Ìkejìlá.

Wàhálà tó le jù lórí òfin àyè ni ti rẹ́jímẹ́ǹtì 72 Pennsylvania. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ogun Gúúsù tó ju 12,000 lọ la pápá gbalasa kọjá wá kọ lu àárín ìlà àwọn ará Àríwá. Rẹ́jímẹ́ǹtì 69 wà lẹ́bàá ògiri òkúta kékeré kan, ti 72 wà ní ìlà kejì lẹ́yìn wọn. Àwọn ará Gúúsù fo ògiri. Ọ̀gágun Alexander Webb ní kí 72 ṣíwájú; wọn kò tètè lọ, wọ́n ń yìnbọn láti orí òkè. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bá wọn jà dé ògiri. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ibi ògiri ni àwọn tó yè nínú 72 fẹ́ gbé ère wọn sí. Ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ ní ìlà kejì ni àyè wọn. Ọ̀kan nínú ọ̀gá wọn lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ síbi ògiri, wọ́n sì mú un. Ó di ilé ẹjọ́. Webb fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí pé wọn kò tẹ̀ lé òun. Àwọn ará 72 ní ibi ògiri ni èèyàn àwọn kú sí. Ní 1891, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Pennsylvania dá 72 láre, ère wọn sì bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́: ọmọ ogun onídẹ tó di ẹnu ìbọn mú, tó ń fi ìdí rẹ̀ lu ọ̀tá. Ní 2011, ère yìí ni wọ́n yà sẹ́yìn owó ẹyọ sẹ́ǹtì 25 Amẹ́ríkà.

Ó dára bí wọ́n ṣe rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò burú, torí tí kò bá sí i, gbogbo rẹ́jímẹ́ǹtì ni ì bá rọ́ lọ síbi ògiri yẹn. Àwọn tó pa lára ni àwọn tó kọ luni. Ẹni tó dúró gbèjà, ibi tó tò sí náà ló kú sí. Ará Gúúsù tó kú sí ibi ògiri, àyè tirẹ̀ wà ní odì kejì pápá, níbi tó jìnnà tó bíi máìlì kan. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí òkúta rẹ́jímẹ́ǹtì Gúúsù ṣọ̀wọ́n ní Gettysburg, yàtọ̀ sí òṣì tí ogun fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ará Maryland tó jà fún Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé tiwọn kalẹ̀, ní òkè Culp, ní 1886.

Ilẹ̀ tún lè kọ̀ láti dúró. Rẹ́jímẹ́ǹtì 54 Massachusetts, ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, kọ lu odi Wagner ní South Carolina ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje kan náà. Òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ odi náà lọ. Boston ni ère ìrántí wọn wà, Augustus Saint-Gaudens ló ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní 1897. Orúkọ àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun tó kú nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fín sí i. Ó di nǹkan bí ọdún 1980 sókè kí orúkọ àwọn ọmọ ogun dúdú tó kú tó wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1895, ilẹ̀ Gettysburg bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ogun ìjọba àpapọ̀. Ní 1933, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń fọ idẹ, wọ́n á yáná sí i kó gbóná, wọ́n á sì fi ìda kùn ún kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í tán. Ní 2006, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ba òkúta ìrántí mẹ́ta jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2013, ìjì gbé ère 72 ṣubú, wọ́n sì tún un ṣe.

Ẹni tó bá ń wá ológun kan pàtó tó jẹ́ ará Pennsylvania, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìrántí ńlá tí ìpínlẹ̀ náà kọ́ ní 1910. Orúkọ tó lé ní 34,000 ló wà lára pátákó idẹ rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n ní rẹ́jímẹ́ǹtì-rẹ́jímẹ́ǹtì. Tó bá ti mọ nọ́ńbà rẹ́jímẹ́ǹtì, kó wá òkúta rẹ̀ kàn, kó sì wo ọwọ́ ọ̀tún àti òsì fún àwọn kékeré méjì yẹn.