Bí Sẹ́ẹ̀lì Eléré Ìdárayá Ṣe Ń Lo Èròjà Amáradàgbà

Sẹ́ẹ̀lì inú iṣan kì í sinmi: bó ṣe ń wó ohun tó ti gbó nínú rẹ̀ ló ń mọ tuntun dípò rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Bí eléré ìdárayá bá gbé irin wúwo, iṣẹ́ méjèèjì á yára sí i, ó sì lè tó wákàtí 24 kó tó rọlẹ̀. Bí kò bá wá jẹun, wíwó ni yóò máa borí. Èròjà amáradàgbà inú oúnjẹ ló ń jẹ́ kí mímọ lékè.

Nínú ikùn àti ìfun ni èròjà yìí ti ń di ásíìdì amino, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di í, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ fún sẹ́ẹ̀lì. Oríṣi 20 ni ara fi ń mọ iṣan, ṣùgbọ́n 9 nínú wọn kò lè ti ibòmíràn wá àyàfi oúnjẹ. Ọ̀kan nínú 9 yìí, leucine, ló ń ta mTOR jí, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ pé kí mímọ bẹ̀rẹ̀. Bí mTOR bá sì ti jí, autophagy a máa lọ sílẹ̀, ìyẹn ètò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ti bàjẹ́ palẹ̀ tí ó sì ń tún wọn lò. Iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Yoshinori Ohsumi ará Japan ní 2016. Nítorí náà, àkókò tí ènìyàn kò jẹun, bí òru, ní iṣẹ́ tirẹ̀ fún ìlera sẹ́ẹ̀lì.

Gíráàmù 1.4 sí 2.0 èròjà amáradàgbà fún kílógíráàmù ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá. Ti ẹni tó bá wọn kílógíráàmù 70 yóò jẹ́ 98 sí 140. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kíkó gbogbo rẹ̀ jọ sí oúnjẹ alẹ́, bẹ́ẹ̀ ara kò ní àká tó lè kó ásíìdì amino pamọ́ sí. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì kò bá lò, ẹ̀dọ̀ á yọ náítírójìn inú rẹ̀, kíndìnrín á dà á jáde pẹ̀lú ìtọ̀, ìyókù á sì di agbára tàbí ọ̀rá. Ó sàn kí a pín in sí gíráàmù 20 sí 40 ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹran tàbí ẹyin nìkan. Lysine àti methionine wà lára ásíìdì amino 9 yẹn: lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà, methionine ló kéré nínú rẹ̀. Ti àgbàdo sì jẹ́ òdìkejì, ìdí nìyí tí àdàlú fi ń pèsè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣaláìní. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fi iṣu àti ìrẹsì du ara rẹ̀ nítorí amáradàgbà ń pa ara rẹ̀ lára, nítorí bí ara kò bá rí agbára tó tó, ásíìdì amino gan-an ni yóò máa sun.